Bí A Ṣe Ń Ṣètò Wáyà àti Sọ́kẹ́ẹ̀tì Gáréèjì Ilé

Àìtó sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ ló sábà máa ń ba iná gáréèjì jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n kó gbogbo ẹrù lé ìlà kan ṣoṣo (wáyà kan lábẹ́ bírékà kan): gílóòbù, fírísà, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti gíráńdà. Lọ́jọ́ tí gíráńdà bá há, bírékà á gé iná, òkùnkùn á ṣú bo ẹni tí abẹ gíráńdà ṣì ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Fírísà náà á kú, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ohun inú rẹ̀ yóò fi bàjẹ́. Nítorí náà, bí a ṣe máa pín iná sí ìlà ló yẹ ká kọ́kọ́ rò, ká tó ka iye sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Iná 230 V ni a fi ṣe ìṣirò níbí. Níbi tí iná bá ti jẹ́ 120 V, ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà yóò fa áńpù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, wáyà rẹ̀ á sì nípọn ju èyí tí a kọ síbí lọ. Bí òfin iná ibi tí ẹ wà bá yàtọ̀ sí ohun tó wà níbí, òfin ni kí ẹ tẹ̀ lé. Onílé lè ṣe ètò, kó wọn ilẹ̀, kó sì sàmì sí ògiri fúnra rẹ̀. Síso wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù àti yíyẹ̀ ẹ́ wò, iṣẹ́ oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya gáréèjì sórí bébà

Ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀. Bí sẹ̀ǹtímítà 1 lórí bébà bá dúró fún sẹ̀ǹtímítà 25 nílẹ̀, gáréèjì onímítà 6 máa gba bébà A4 kan dáadáa. Ẹ ya ẹnu ọ̀nà, fèrèsé, ẹ̀rọ omi, ibi tí tábìlì iṣẹ́ máa wà, àti ojú irin tí ilẹ̀kùn ń bá gòkè. Ojú irin yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, tí wọ́n á fi gbé gílóòbù sí ibi tí ilẹ̀kùn máa bò ní gbàrà tó bá ti ṣí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ wọlé. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtù, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí etí wọn dé lára ògiri àti nílẹ̀. Ibi tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá ti lè kan ògiri, sọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ yọ síta níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka ẹrù iná

Ẹ wo àwo kékeré tó wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ wáàtì rẹ̀ sílẹ̀. Wáàtì tí a bá fi fólítì pín ló ń fún wa ní áńpù. Àpẹẹrẹ gáréèjì tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí:

- iná LED gígùn mẹ́ta: 120 W
- fírísà: 200 W
- ṣájà bátìrì: 150 W
- gíráńdà kékeré, 115 mm: 900 W
- kọ̀mpúrẹ́sọ̀ 2 HP: nǹkan bí 1,900 W

Ẹ kíyè sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yẹn. HP kan jẹ́ 746 W, nítorí náà 2 HP yẹ kó jẹ́ 1,492 W. Agbára tí mọ́tò náà ń fún wa nìyẹn o. Ohun tó ń gbà lára ògiri pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé apá kan ń di ooru. Lásìkò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta, ó tún lè fa áńpù tó tó ìlọ́po márùn-ún sí méje ti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́.

Bí gbogbo wọn bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 3,270 W, ìyẹn 14.2 A. Ẹ fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ lé e nítorí ọ̀la, ó di nǹkan bí 18 A. Mọ́tò ilẹ̀kùn kì í gba ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Àfikún yẹn ti tó o.

Ẹ̀rọ ìjórin yàtọ̀. Iye áńpù tí wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀, bíi 160 A, ni iná tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń gbà lára ògiri. Lára àwo rẹ̀, ẹ wá I1max, tó jẹ́ òkè téńté ohun tó lè fà, àti I1eff, tí a fi ń ṣírò ooru wáyà. Ká ní I1eff jẹ́ 17 A. Ẹni tó ń jó irin kì í lo gíráńdà lọ́wọ́ kan náà, nítorí náà 17 A yìí pẹ̀lú fírísà, iná, ṣájà àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ (10.3 A) jẹ́ 27.3 A. Ìlà 32 A láti inú ilé yóò gbé e.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀ oníbátìrì lọ́kàn, ìṣirò yí padà pátápátá. Ṣájà 7.4 kW ń fa 32 A fún wákàtí púpọ̀ láìsinmi. Tí a bá fi kún 14.2 A ti àkọ́kọ́, ó ti kọjá 46 A. Kí ẹ tó ra irú ṣájà bẹ́ẹ̀, ẹ wo iye áńpù tí fíùsì ńlá ilé lè gbé. Bó bá jẹ́ 60 A ni gbogbo ilé ń pín, kò sáyè, àfi kí ẹ ra ṣájà tó lè máa dín ara rẹ̀ kù nígbà tí ilé bá ń lo iná púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan wáyà tó máa gbé iná dé gáréèjì

Wáyà tó tinrín máa ń gbóná, iná á sì ti rẹ̀ kó tó dé. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á kàn máa kùn, kò ní ta, torí pé iná kò gbé e. Bó bá sì ń kùn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mọ́tò rẹ̀ lè jó. Bí a ṣe ń ṣírò iye fólítì tó máa sọnù lójú ọ̀nà nìyí, fún wáyà bàbà tó ti gbóná díẹ̀:

2 × jíjìnnà (mítà) × áńpù × 0.0225 ÷ ìwọ̀n wáyà (mm²)

Ká ní gáréèjì jìnnà sí bọ́ọ̀dù ilé ní mítà 25, tí a sì fẹ́ gbé 32 A. Pẹ̀lú 4 mm², fólítì 9 sọnù, ìyẹn 3.9% nínú 230 V. Pẹ̀lú 6 mm², ó jẹ́ fólítì 6, 2.6%. Pẹ̀lú 10 mm², fólítì 3.6 péré, 1.6%. Ìlànà àgbáyé IEC 60364 dámọ̀ràn pé kí ohun tó sọnù láti ẹnu ọ̀nà iná ilé títí dé orí ẹ̀rọ má ju 3% lọ fún gílóòbù àti 5% fún ohun yòókù. Ẹ rántí pé wáyà inú gáréèjì náà máa jẹ tirẹ̀. Nítorí náà 4 mm² kò ṣe é gbà, 6 mm² ò fi bẹ́ẹ̀ fi àyè sílẹ̀, 10 mm² ló fọkàn ẹni balẹ̀. Owó tí ẹ bá fi kún un báyìí kéré sí owó ilẹ̀ tí ẹ máa tún gbẹ́ lẹ́yìn ọ̀la.

Bí gáréèjì bá dá dúró, kébù tí wọ́n fi wáyà irin wé lára ni kí ẹ rì mọ́lẹ̀, ní nǹkan bí 600 mm sísàlẹ̀. Ẹ tẹ́ iyanrìn tí kò ní òkúta sábẹ́ àti sórí rẹ̀, kí ẹ sì na téèpù ìkìlọ̀ sí nǹkan bí 150 mm lókè rẹ̀ kí ẹ tó da ilẹ̀ bò ó. Nígbà tí kòtò ṣì là sílẹ̀, ẹ ju páìpù òfìfo kan sí i pẹ̀lú okùn nínú rẹ̀, fún wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kámẹ́rà. Wáyà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bá wáyà iná gbé inú páìpù kan náà.

Áàtì gáréèjì tó dá dúró, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, gba ìrònú. Ibòmíràn, áàtì inú ilé náà ló máa bá kébù wá. Ibòmíràn, ọ̀pá áàtì tirẹ̀ ni wọ́n máa gbá mọ́lẹ̀ fún un. Irú iná tí ilé-iṣẹ́ iná gbé wọlé yín ló ń pinnu èyí, oníṣẹ́ iná ló sì máa wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pín iná sí ìlà

Ẹ fi bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ní súìṣì ńlá tirẹ̀ sí gáréèjì, nítòsí ilẹ̀kùn tí ènìyàn ń gbà wọlé, níbi tí ọwọ́ yá láti dé. Láti ibẹ̀:

- Gílóòbù: wáyà 1.5 mm², bírékà 6 A tàbí 10 A. Kò gbọdọ̀ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan pọ̀.
- Sọ́kẹ́ẹ̀tì tábìlì iṣẹ́: 2.5 mm², bírékà 16 A tàbí 20 A.
- Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri yòókù àti ti ìta: 2.5 mm², bákan náà.
- Fírísà: ìlà tirẹ̀, 2.5 mm², 16 A. Mọ́tò ilẹ̀kùn lè bá a gbé.
- Kọ̀mpúrẹ́sọ̀: 2.5 mm², bírékà 16 A tàbí 20 A oríṣi C.
- Ẹ̀rọ ìjórin: 6 mm², bírékà 32 A oríṣi C.
- Ṣájà ọkọ̀, bó bá wà: 10 mm², bírékà 40 A, torí pé 32 A tó ń ṣiṣẹ́ láti alẹ́ mọ́jú á mú bírékà 32 A gbóná jù.

Ìdí tí oríṣi C fi wọlé nìyí. Bírékà oríṣi B ń gé lójú ẹsẹ̀ bí iná bá fò dé ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún áńpù tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Oríṣi C ń fara dà á títí dé ìlọ́po márùn-ún, kò sì gbọdọ̀ kọjá mẹ́wàá. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń ta máa ń já oríṣi B láìṣẹ̀. Ohun tí àwọn kan wá ń ṣe ni pé wọ́n á yọ 16 A, wọ́n á fi 32 A sí i lórí wáyà 2.5 mm² kan náà, bírékà ò sì ní já mọ́. Wáyà ni bírékà ń ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Nígbà tí wáyà yẹn bá ń gbé 30 A nínú páìpù tó há, rọ́bà rẹ̀ á máa sè díẹ̀díẹ̀ nínú ògiri, kò sì ní sí ohun tó máa gé iná kó tó gbiná. Oríṣi ni kí ẹ yí padà, ẹ má ṣe sọ áńpù di púpọ̀.

Gbogbo ìlà sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọdọ̀ ní RCD 30 mA (mA kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún áńpù). Ó ń fi iye iná tó ń lọ lórí láìfù wé èyí tó ń padà lórí nútírà. Bí díẹ̀ bá ń jò gba ara ènìyàn tàbí ara irin, á gé iná kí ìyàtọ̀ náà tó kọjá 30 mA. Ilẹ̀ kọnkéré, ọ̀rinrin àti irin tó wà káàkiri gáréèjì mú kí èyí ṣe pàtàkì ju ti yàrá lọ. Ẹ má fi RCD kan ṣoṣo ṣọ́ gbogbo gáréèjì. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń jò díẹ̀ láìṣàìsàn, bí wọ́n bá pọ̀ lórí RCD kan, jíjò wọn á para pọ̀, á sì máa gé láìnídìí tí ẹnikẹ́ni lè rí. Bírékà tó ní RCD nínú, ọ̀kan fún ìlà kan, ló dára jù. RCD ti ṣájà ọkọ̀ gbọdọ̀ jẹ́ RCD oríṣi B (kì í ṣe oríṣi B ti bírékà òkè yẹn), tàbí RCD oríṣi A bí ṣájà fúnra rẹ̀ bá ní ohun tó ń ká jíjò DC (iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì) 6 mA mọ́, torí pé iná DC lè mú kí RCD lásán má rí jíjò mọ́.

Ìlà méje rèé. Ẹ ra bọ́ọ̀dù oníhò 12.

Ìgbésẹ̀ 5: Ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì máa wà

Ẹ gbé wọn sókè. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ mọ́, púlọ́ọ̀gì tí wọ́n bá ń yọ tí ń kì sì máa ń ta iná pẹ́ẹ́. Ó kéré tán, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì fi 450 mm jìnnà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n 450 mm náà ni bọ́ńpà ọkọ̀ ń kàn, nítorí náà 1,100 sí 1,200 mm ló dára jù fún gbogbo ògiri. Bí tábìlì iṣẹ́ bá ga tó 900 mm, ìwọ̀n yìí bọ́ sí òkè rẹ̀ gẹ́lẹ́, irinṣẹ́ tí ẹ kó sórí tábìlì ò sì ní dí i.

Tábìlì onímítà 2 gba sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjì mẹ́ta, pẹ̀lú nǹkan bí 700 mm láàárín wọn. Lára ògiri yòókù, ọ̀kan ní mítà méjì-méjì tó. Ẹ fi ọ̀kan sítòsí ẹnu ọ̀nà ńlá fún fífọ ọkọ̀ àti fífẹ́ táyà, ọ̀kan sí àjà ní ìwọ̀n mítà 1 sí mọ́tò ilẹ̀kùn. Ti ìta gbọdọ̀ ní ìdérí, ó kéré tán IP44 (àmì tó ń sọ bí ó ṣe ń dènà eruku àti omi tó); bí òjò bá ń fẹ́ lù ú tàbí tí ẹ máa ń fi omi olójú líle fọ ọkọ̀ níbẹ̀, IP65 ni kí ẹ rà, kí ẹ má sì darí omi náà sí i. Nínú gáréèjì, sọ́kẹ́ẹ̀tì onírin dára ju ti ike lọ, torí pé àkàbà àti pákó á ṣáà kọ lù ú.

Ibi tí ẹ ti ń gba iná sí bátìrì ni òfin oru yìí ti yí padà. Gáàsì háídrójìn tó ń ti ara bátìrì olómi jáde fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ló ń lọ. Ẹ má gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sí ọ̀gangan òkè bátìrì. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kí afẹ́fẹ́ sì lè fẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹ gé bébà ní ìwọ̀n sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi gáréèjì náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ó rí èyí tó wà níbi tí kò yẹ.

Ìgbésẹ̀ 6: Iná orí

Gílóòbù kan láàárín àjà máa ń tan òrùlé ọkọ̀ ni. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òjìji ni inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ pín iná sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀.

Gáréèjì mítà 6 sí 3 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 18. Bí a bá fẹ́ 300 lux (ìyẹn lumen 300, tó jẹ́ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan), ó gba 5,400 lumen lórí ilẹ̀. Ògiri àti eruku sì ń gbé apá kan mì, nítorí náà ẹ ra tó 8,000. Iná LED onígùn 1,200 mm méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4,000 lumen, ti ṣe é. Ẹ̀kẹta máa wà lókè tábìlì iṣẹ́, ṣíwájú díẹ̀ sí etí tábìlì, kí òjìji orí yín má baà bọ́ sórí iṣẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá jẹ́ méjì, ẹ fi súìṣì sí ẹnu méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ka ohun tí ẹ máa rà

Ẹ wọn wáyà láti orí bébà: bó ṣe gòkè láti bọ́ọ̀dù, bó ṣe lọ gbọọrọ, bó ṣe sọ̀ kalẹ̀. Fún ìlà tábìlì iṣẹ́: gígòkè 0.9 m, lílọ 5 m, sísọ̀ 1.3 m, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ dé ẹ̀kẹta 1.4 m. Ẹ fi 0.5 m sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀dù àti 0.2 m nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ 9.7 m, pẹ̀lú 10% lórí rẹ̀, ó di mítà 11. Okùn mẹ́ta ló ń lọ pọ̀ (láìfù, nútírà, áàtì), nítorí náà mítà 33 ni, mítà 11 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra fún wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Ẹ gé etí rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha á: bí inú bá funfun, bàbà kọ́. Kì í gbé iná tó bàbà, ó sì máa ń tú lábẹ́ súkúrù. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò pẹ̀lú, torí pé ó fúyẹ́ gan-an sí bàbà.

Ìgbésẹ̀ 8: Páìpù àti fífa wáyà

Páìpù orí ògiri ló bá gáréèjì mu jù. Kò lẹ́wà tó èyí tó wọ ògiri, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kún un, ẹ ò ní fọ́ ògiri. Páìpù 20 mm tó fún ìlà méjì oní-2.5 mm², ìyẹn okùn mẹ́fà. Ẹ lo 25 mm fún 6 mm² àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ìdè mú un mọ́ ògiri ní nǹkan bí 600 mm síra wọn, torí ooru máa ń jẹ́ kí páìpù ike tẹ̀. Láàárín àpótí méjì, ìgbọ̀nwọ́ kò gbọdọ̀ ju méjì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà wáyà á họ nígbà tí ẹ bá ń fà á.

Òró àti ìbú nìkan ni wáyà ń gbà, kì í lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbá ìṣó lẹ́yìn yín á mọ̀ pé wáyà ń lọ tààrà sókè láti orí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fi wọ́n sínú ògiri ṣáá, ẹ gbé téèpù ìwọ̀n síbẹ̀ kí ẹ ya fọ́tò kí wọ́n tó rẹ́ ẹ.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ pa súìṣì ńlá, kí ẹ ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ fi tẹ́sítà dán ibi tí iná wà wò, lẹ́yìn náà ibi iṣẹ́, kí ẹ tún padà síbi tí iná wà, kí ó dáa yín lójú pé tẹ́sítà ò kú sí yín lọ́wọ́. Ẹ fún gbogbo súkúrù le dé ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ, kí ẹ sì fa wáyà kọ̀ọ̀kan wò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jó lójú kan ṣoṣo, súkúrù tó tú ló sábà ń fà á, kì í ṣe ẹrù tó pọ̀. Nútírà ìlà kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ padà sí bírékà RCD tirẹ̀. Bó bá ṣìnà lọ sí ti ìlà mìíràn, RCD méjèèjì á máa já.

Ìgbésẹ̀ 9: Yíyẹ̀ wò

Nígbà tí kò tíì sí iná, oníṣẹ́ iná á wò bóyá áàtì dé sọ́kẹ́ẹ̀tì gbogbo, bóyá láìfù àti nútírà ò yí padà, á sì fi 500 V DC dán rọ́bà wáyà wò. Èsì kò gbọdọ̀ kéré sí 1 MΩ (mílíọ̀nù ohm kan, ìwọ̀n bí rọ́bà ṣe ń dènà iná tó). Wáyà tuntun máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, nítorí náà bí ẹ bá rí 2 MΩ lára wáyà tuntun, ẹ wá ibi tó ti họ tàbí ibi tí omi wọ̀. Lẹ́yìn tí iná bá dé, á wọn ọ̀nà tí iná ń gbà padà nípasẹ̀ áàtì, á sì wọn bí RCD ṣe yára tó: kó gé láàárín 300 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) ní 30 mA, àti láàárín 40 ms bí ó bá di ìlọ́po márùn-ún.

Ẹ ta kọ̀mpúrẹ́sọ̀ nígbà tí gílóòbù, fírísà àti ṣájà ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá kàn ṣẹ́jú fìrí, kò burú. Bó bá rẹ̀ tí kò tètè padà, ẹ wọn fólítì ní bọ́ọ̀dù gáréèjì àti ní bọ́ọ̀dù ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó mọ̀ bóyá kébù ilẹ̀ ló ń jẹ iná tàbí ìta ló ti wá bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ bírékà rẹ̀, kí ẹ fi bébà tí ẹ ya sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bọ́ọ̀dù nínú ọ̀rá. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì T lára RCD ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Èyí tí kò bá gé nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tún lo ìlà náà.